Ẹ̀kọ Tí Ìyá Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 2001.

Karimot Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Àsàláàmù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ìrun ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ó ní ò ń kí i, ìyá rẹ kò sá sí níbẹ̀ láti wò ọ́. Ara wa le nílé, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń kìlọ̀ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ruqoyyah àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Ọ̀rọ̀ ńlá méjì ló wà. Èkíní, Ruqoyyah ti rí ọkọ. Kabir lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Ṣakí, ó mọ̀wé, ó sì ń kírun. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní lẹ́yìn Iléyá làwọn ó wá tọrọ ọmọ. Ìwọ náà mọ̀ pé kí wọ́n tó dé, wọn ó ti ṣe ìwádìí wa dé gbòǹgbò.

Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ kejì wá. Jamaldeen àbúrò rẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí àwọn tí a kò rí ti ń bá a sọ̀rọ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó lọ. Nígbà tó ń lo oògùn ọsibítù, ó ń jókòó sídìí òfì, ó ń hunṣọ, àwọn èèyàn sì ń gbéṣẹ́ fún un. Nígbà tó yá, ó ní oògùn náà ń mú ọwọ́ òun gbọ̀n, òwú ń já mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá dà á nù. Ní báyìí inú yàrá ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń dá àwọn ará ibẹ̀ lóhùn.

Ṣùgbọ́n má fòyà. Ìyá rẹ kò kàwé, orí mi pé. Mo gba oògùn míì, mò ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀, mo sì ń fi ṣúgà lé e. Ó ń mu ún, kò mọ nǹkan kan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe ni kí o wá irú èyí tí kò korò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kí o fi ránṣẹ́.

Bàbá Lateef, àbúrò bàbá yín, ní kí a gbé Jamaldeen pamọ́ síbì kan kí àwọn àna tó dé. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyá Bọ́sẹ̀ ojúlé kejì ní òun gbọ́ pé àwọn wèrè lo ń tọ́jú ní Dublin. Mo ní irọ́ ni, pé ọmọ lò ń gbẹ̀bí rẹ̀. Kọ̀wé, kí o jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò parọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Sàlámótù.


Dublin,
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹsàn-án, 2001.

Ìyá mi,

Wa aláékùm sàláàmù. Mo kúnlẹ̀ níbí kí yín o. Ẹ kú ìrora orúnkún, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mò ń kírun, Màmá. Ọkọ̀ méjì ni mò ń wọ̀ dé mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi kí Ruqoyyah kú oríire.

Irọ́ lẹ pa fún Ìyá Bọ́sẹ̀. Mi ò gbẹ̀bí. Àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn ni mò ń tọ́jú, ní ọsibítù kan lápá àríwá Dublin tí a ti ń rí òkun láti ojú fèrèsé. Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ torí mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú. Òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ń jẹ́ Jeremiah. Ará Rush ni, ìlú kékeré etí òkun kan tí wọ́n ti ń gbin tòmátì sínú ilé onígíláàsì nítorí òtútù. Ó tó bàbá wa lọ́jọ́ orí, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá wa sí aljánnà. Fún oṣù mẹ́rin, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kìíní tí mo dé ìdí ibùsùn rẹ̀, mi ò ronú rárá, orúnkún mi ti kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Àwọn nọ́ọ̀sì tó kù rò pé mo ṣubú ni. Bàbá náà wò mí, ó wò mí, ó ní, "Dìde níbẹ̀, ọmọ yìí, ilẹ̀ tutù." Màmá, láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú un, kò sẹ́ni tó kí i bí àgbà mọ́. Bí ẹní ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, oògùn tí kò korò tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ dá ẹ̀kọ yẹn dúró lónìí. Kí n tó kúrò nílé ni àwọn ohùn yẹn ti ń sọ fún Jamaldeen pé àwọn èèyàn fẹ́ fi oúnjẹ pa á, ẹ̀yin náà wá ń fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀, àwọn ohùn yẹn ni yóò jàre, ẹ̀yin lẹ ó jẹ̀bi. Ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n lè yí oògùn náà padà. Abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e pamọ́. Kì í ṣe ẹrù olè.

Ọmọ yín,
Karimot.


Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2001.

Karimot,

Mo gba ìwé rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí Ruqoyyah kà á, mo rò pé ó ṣì í kà ni.

Ṣé ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ? Pé o kúnlẹ̀ fún òyìnbó, mi ò rí i sí, àgbà ni àgbà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó fi ọmú rẹ̀ tọ́ dàgbà, níbo lo ti rí i rí? Ọdún méjì gbáko ni Jamaldeen fi mu ọmú mi, kò sì bi mí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fi oògùn sí ẹ̀kọ rẹ̀, kó lè yè ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Èmi ni mò ń gbọ́ ẹ̀gàn ládùúgbò. Ìwọ wà níbi tí o ti ń wo òkun lójú fèrèsé, o wá ń pa mí láṣẹ.

Bàbá Lateef ti rí ibì kan lẹ́yìn ìlú, ilé àdúrà ni. Ó ní wọ́n máa ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, yóò gbé ọkọ̀ wá. Mi ò tíì gbà, mi ò sì tíì kọ̀. Àwọn àna ń bọ̀, Ruqoyyah kò sì lè jókòó sílé mi títí irun rẹ̀ yóò fi funfun.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀.

Sàlámótù.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ruqoyyah ni mò ń kọ ìsàlẹ̀ yìí, Màmá kò mọ̀. Wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Jamaldeen ti rí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó rí ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ abọ́. Kò pariwo. Ó kàn gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú Màmá, ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́, èmi ni mi ò gbà wọ́n gbọ́." Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan oúnjẹ ilé mọ́. Ẹ̀pà tó wà nínú èèpo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bó nìkan ló ń jẹ. Ó ti rù. Màmá ń sunkún nílé ìdáná, wọ́n ní èéfín ni. Ti Kabir yìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n torí ìgbéyàwó mi so Jamaldeen ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀.


Dublin,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 2001.

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á. Patience tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́la, òun ni mo fi ìwé yìí rán, kó lè yá ju ti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ.

Mo ṣẹ̀ yín. Mo kọ ìwé ìjọ́sí bí ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí. Ohun tí mi ò sọ fún yín nìyí. Oṣù kejì tí mo dé wọ́ọ̀dù yẹn, Bàbá Jeremiah kọ oògùn. Èmi tó ń kúnlẹ̀ kí i, tó ń pe ara mi ní ọmọ rẹ̀, mo lọ oògùn náà sínú jáàmù, mo fi í pa búrẹ́dì fún un. Ó rí i. Ó ti búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń kí i, ó ń wo ògiri. Bríd tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà wa bá mi wí gan-an, ó ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni yóò tún un ṣe." Mo lọ, mo tún kúnlẹ̀, ti ọjọ́ yẹn kì í ṣe kíkí, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo gé búrẹ́dì tuntun lójú rẹ̀, mo jẹ ìdajì, mo gbé ìdajì tó kù fún un. Kò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ló jẹ ẹ́.

Màmá, ohun tí ẹ ṣe gan-an lèmi náà ṣe. Ọmọ yín ni mí lóòótọ́. Ìfẹ́ la fi ba ìgbẹ́kẹ̀lé wọn jẹ́.

Ẹ gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Bí kò bá jẹ, ẹ bu ẹyin tí a sè tòun tèèpo fún un, kó fọwọ́ ara rẹ̀ bó o. Bí ó bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ kàn ní, "Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń dà ọ́ láàmú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ nílé, mo tọ́jú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ nírú ibẹ̀, mo rí ọrùn ọwọ́ wọn. Ọwọ́ Jamaldeen ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá, mi ò lè sùn.

Karimot yín.


Dublin,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní, 2002.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún tó lọ. Ọ̀sẹ̀ méje rèé, mi ò rí èsì. Patience ti padà dé, ó ní awakọ̀ Ìsẹ́yìn kan lòun fi ìwé náà rán ní ibùdókọ̀. Mo ra káàdì fóònù mẹ́ta ní Parnell Street, mo pe ilé Alhaji Shehu ní òpópónà wa, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

A ti túnu ààwẹ̀ tipẹ́. Ṣé wọ́n ti mú un lọ ni? Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú sí mi, ẹ fi ìbínú ránṣẹ́, ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ. Àwọn ará ibí, bí a bá ní báwo ni nǹkan, wọ́n á ní "grand", pé dáadáa ni. Èmi náà ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀, irọ́ ni.

Karimot.


Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní, 2002.

Àwẹ̀ró mi,

Àsàláàmù aláékùm. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí yóò ti yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ṣe dákẹ́. Ní báyìí ó ti dúró, ẹnu mi gbà á sọ.

Awakọ̀ gbé ìwé rẹ dé nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Ruqoyyah ka ọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti jáàmù yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, èéfín kankan kò sí níbẹ̀. Mo ní bí ọmọ tó lọ kọ́ ọ níwèé bá lè ṣe é, tèmi kò burú jù.

Lásìkò ìṣínu lọ́jọ́ kejì, mo po ẹ̀kọ, mo gbé e wọ yàrá Jamaldeen. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ké, mo jẹ́ kó ké. Mo fi oríkì pè é, mo ní, "Àlàmú, mo fi oògùn sí oúnjẹ rẹ láìsọ fún ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi." Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi ju ẹrù òwú tí mo ń gbé lọ tà lọ. Mo mu ẹ̀kọ náà lójú rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ tún mu." Mo tún mu. Ó ní, "Ẹ mu nísàlẹ̀." Mo rò ó pọ̀, mo mu tìsàlẹ̀. Nígbà náà ló gba abọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù níbẹ̀ ló mu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ mi ti ń fún mi nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ lo fà á.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún ni Bàbá Lateef gbé ọkọ̀ dé, pẹ̀lú géńdé méjì àti okùn. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé bàbá yín, ẹbí ọkọ kò sọ̀rọ̀ kí n sọ pé rárá rí. Àbúrò ọkọ mi ni, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ yẹn mi ò kúnlẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Bàbá Lateef, ẹ kú àbọ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ewúrẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo okùn yẹn, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ so." Ó ní ṣé mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, láti kékeré ni mo ti ń bu oúnjẹ fún un.

Jamaldeen bá jáde sẹ́yìn mi. Ó ní, "Bàbá, Màmá ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n ní kí n fẹnu ara mi sọ ti ọwọ́ mi fún dókítà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ." Bàbá Lateef wo okùn, ó wo ọmọ. Mo ní ọkọ̀ sá ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé okùn wá náà ló gbé wa lọ sí ọsibítù, Bàbá Lateef fúnra rẹ̀ ló wà á. Dókítà gbọ́ ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó yí oògùn padà, ó fún un lábẹ́rẹ́. Lánàá ó jókòó sídìí òfì. Ó hun ìwọ̀n ọwọ́ kan, òwú kò já.

Ó ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ohùn yẹn yóò lọ pátápátá. Fún un lésì tòótọ́.

Ìyá rẹ tó sanra,
Sàlámótù.


Dublin,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 2002.

Màmá mi, akọni obìnrin,

Inú bọ́ọ̀sì Rush ni mo ti ka ìwé yín. Mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá ara mi yá. Mo ní "grand", òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn, nọ́ọ̀sì mẹ́wàá kò lè ṣe é.

Bàbá Jeremiah ni mò ń lọ wò. Ó ti kúrò ní ọsibítù, òun àti àwọn mẹ́ta míì jọ ń gbé ilé kan ní Rush, nọ́ọ̀sì kan ń yọjú sí wọn. Ó ti padà sídìí tòmátì rẹ̀. Mo gbé ìbéèrè Jamaldeen lọ bá a, torí òun náà ń gbọ́ ohùn, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó ní kí n sọ fún un pé ti òun kò lọ tán, ó ti dínkù, kò sì tún ń pàṣẹ fún òun mọ́. Bí wọ́n bá dé nígbà tí òun ń mu tíì, òun á ní kí wọ́n dúró kí òun mu tíì òun tán. Nígbà míì wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Ti àwọn àna, ẹ má fi í pamọ́. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ padà, a jẹ́ pé wọn kì í ṣe àna wa.

Ọmọ yín,
Karimot.


Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 2002.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Àsàláàmù aláékùm. O ti rí i pé ọwọ́ ìwé yìí yàtọ̀. Ruqoyyah ní òun ti fẹ́ di ìyàwó, òun kì í ṣe akọ̀wé mi mọ́. Jamaldeen ló ń kọ ọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀ gùn, á ní kí n dúró, pé mi ò mọ ibi tí gbólóhùn ti ń parí.

Àwọn àna wá lọ́jọ́ Sátidé. Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n kún pálọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, bàbá Kabir tẹjú mọ́ wa, ó ní, "Ẹ má bínú, a ní láti béèrè. Ṣé àìsàn kan wà nínú ilé yìí tó yẹ kí a mọ̀?" Mo rí i tí Bàbá Lateef la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kó tó sọ ọ́, mo pe Jamaldeen. Ó wọlé, ó wọ dàńṣíkí òfì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó dìde, ó ní, "Èmi ni mo ní in, sà. Àìsàn ọpọlọ ni. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni mo ti gbà. Ohun tó bá kù tí ẹ fẹ́ mọ̀, èmi ni kí ẹ bi."

Mo ń wo Ruqoyyah, ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Kabir ní, "A ti mọ̀ láti oṣù kẹwàá. Kò sí ibi tí ìwádìí wa kò dé. Ohun tí a wá wò lónìí ni bóyá ẹ ó fi í pamọ́ fún wa. Ẹni tó bá lè fi ọmọ ara rẹ̀ pamọ́, kí ni kò ní fi pamọ́ fún àna?" Ó bá na ọwọ́ sí dàńṣíkí Jamaldeen, ó pa á láàárín ìka, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ta ló hun ún. Ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ yìgì, kí Jamaldeen yáa bẹ̀rẹ̀. Bàbá Lateef ló kọ́kọ́ ṣe àmín, o mọ ìwà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun lòun fi ọkọ̀ òun gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Mi ò bá a jiyàn, òótọ́ ni.

Mo ti sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀ pé àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn lọmọ mi ń tọ́jú, pé kò gbẹ̀bí ẹnikẹ́ni. Ó rọra sún mọ́ mi, ó ní òun ní àbúrò kan ní Òkèhò, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Lọ́la ni a jọ ń lọ. Mo ti ní kó gbé abọ́ ẹ̀kọ dání.

Èmi ìyá rẹ,
Sàlámótù.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Jamaldeen ni. Ọ̀rọ̀ Màmá ti parí, èyí tèmi ni. Ẹ bá mi kí Bàbá Jeremiah. Mo ń hun aṣọ ọrùn kan fún wọn nítorí òtútù, ẹ béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé tèmi náà kò tíì lọ tán. Àwọn ohùn yẹn dé ní nǹkan bí ìlà mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí Màmá ń sọ ti Òkèhò. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, mo ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣì ń dúró.